Etíkun tí wọ́n ní kò ní aláǹtakùn: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ìkójọ kan láti inú igbó dé etí omi

Ẹgbẹ́ olùkójọ kan jáde lọ sí etíkun kan láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan tó jọ pé ó rọrùn: àwọn aláǹtakùn wo ló ń gbé inú igbó tó kángun sí òkun, àwọn wo ló fi orí iyanrìn ṣe ilé, àwọn wo ló sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín méjèèjì? Onímọ̀ kan tó ti ń ṣe ìwádìí nípa aláǹtakùn ló ṣáájú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan wà pẹ̀lú rẹ̀, àti àgbà kan tí kì í ṣe olùkọ́ níbì kankan, ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìkójọ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí apá kìíní iṣẹ́ náà ń parí lọ, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé kò sí aláǹtakùn kankan tó ń gbé orí iyanrìn náà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ̀ léra ní ìpele-ìpele. Igbó dídí ló wà lẹ́yìn pátápátá, tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Igbó ṣúúrú tí atẹ́gùn òkun ti tẹ̀ wálẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Òkìtì iyanrìn tí koríko hù fọ́nká sórí rẹ̀ ló kàn, kí ó tó wá kan iyanrìn gbalasa tí ìgbì ń ti ewéko òkun àti igi jíjẹrà sí. Àpáta wà ní ìkángun kan, tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ tí ó sì tún máa ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn kì í pẹ́ rárá kó tó la gbogbo rẹ̀ já, èyí ló sì mú kí ó rọrùn láti rò pé ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ìwé àṣẹ wọn pé, irinṣẹ́ wọn náà kò sì lábùkù. Wọ́n ní aṣọ funfun tí a nà sórí igi méjì tó dábùú ara wọn, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ka kí wọ́n tó fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà. Wọ́n ní asẹ́ fún ewé ilẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa àwọn tó kéré jù wọ inú ìgò láìfọwọ́ kàn wọ́n, ife oníke tí wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ kí ohun tó bá ń rìn kọjá lè jìn sínú rẹ̀, àti ìgò kéékèèké tó kún fún ethanol, ìyẹn ọtí tí kì í jẹ́ kí ohun tí a bá mú jẹrà. Ethanol ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú ara aláǹtakùn, nítorí pé èyí tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń mú kí ẹsẹ̀ gan, tí yóò sì máa kán lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdá 95 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé fún àyẹ̀wò DNA.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ nínú igbó kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1991 ni Jonathan Coddington, onímọ̀ nípa aláǹtakùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e kalẹ̀ pé kí olùkójọ máa fi wákàtí kan gbáko díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀: wákàtí kan fún wíwo òkè, láti orúnkún títí dé ibi tí ọwọ́ lè tó, wákàtí kan fún wíwo ìsàlẹ̀, láti ilẹ̀ dé orúnkún, wákàtí kan fún lílu ẹ̀ka. Ohun tí ẹnì kan bá rí láàárín wákàtí kan yóò wà nínú ìgò tirẹ̀, kò sì ní dà pọ̀ mọ́ ti wákàtí mìíràn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè fi ibì kan wé ibòmíràn láìṣe pé a ń fi iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo wé ìrìn gbẹ̀fẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Igbó náà kò já wọn kulẹ̀. Láàárín igi sí igi ni àwọn aláǹtakùn ńlá ìran Trichonephila ta àwọ̀n wọn sí, òwú wọn sì ní àwọ̀ wúrà nígbà tí oòrùn bá yọ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú abo kan, inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ kọjá lọ, ṣùgbọ́n àgbà náà dá a dúró pé kó tún àwọ̀n ọ̀hún wò. Akọ ìran yìí kéré débi pé ojú lè fò ó. Ó wà níbẹ̀, lókè díẹ̀ sí ibi tí abo jókòó sí. Ní etí àwọ̀n náà ni àwọn olè wẹ́wẹ́ ìran Argyrodes wà, tí ara wọn ń dán yinrin, tí wọ́n ń jí kòkòrò kéékèèké tí oní-àwọ̀n kò kà sí. Àwọ̀n kan ṣoṣo tipa bẹ́ẹ̀ mú irú méjì wá, pẹ̀lú akọ àti abo ti ọ̀kan nínú wọn. Ó wù mí kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí rántí àwọ̀n yẹn, nítorí pé bí olùkójọ bá ti rí ohun ńlá ni ojú rẹ̀ máa ń kúrò lára ohun kékeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé igbó gba gbogbo àkókò tó dára lọ́wọ́ wọn. Òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń wọ inú rẹ̀, wọn kì í sì í jáde títí oòrùn yóò fi dé àtàrí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ń bọ́ sórí iyanrìn, tí yóò ti gbóná débi pé ẹni tó wọ bàtà pàápàá kò lè dúró lójú kan. Wọ́n a rìn lọ, wọ́n a rìn bọ̀, wọ́n a yí igi díẹ̀ padà, wọ́n a sì padà sí abẹ́ òjìji. Ìwọ̀nba tí wọ́n rí ni àwọn ọmọ aláǹtakùn tí kò tíì dàgbà, tí wọ́n rọ̀ mọ́ koríko orí òkìtì, àti àwọn afòkiri ìdílé Salticidae díẹ̀ lára igi tí òkun gbé wá. Ọ̀sán ni ìdílé yẹn fi ń ṣọdẹ, nítorí ojú wọn ríran dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀.

Ọmọ aláǹtakùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe onímọ̀ láǹfààní. World Spider Catalog, àkójọ orúkọ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Bern ní Swítsálandì ń tọ́jú, ti kọjá 50,000 irú láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọra débi pé ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń bímọ nìkan la lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Lára akọ, ọwọ́ kékeré méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tí à ń pè ní palp, ni à ń wò. Lára abo, epigyne tó wà lábẹ́ ikùn ni. Méjèèjì kì í pé títí aláǹtakùn náà yóò fi bọ́ awọ tí yóò sọ ọ́ di àgbà. Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ yìí ní láti orí iyanrìn kò ju orúkọ ìdílé lọ, kò dé orúkọ irú.

Wọ́n gbọ́kàn lé ife oníke tí wọ́n rì sí ilẹ̀, pé ohun tí ojú kò rí, ife yóò mú un. Wọ́n ti wo ìwé àkókò ìkún omi, wọ́n sì mọ wákàtí tí òkun yóò kún. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wò ni bí ìkún náà yóò ti ga tó. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa ń wà láàárín ìkún kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, àti nígbà tí oṣù tuntun bá fẹ́ lé, oòrùn, ayé àti òṣùpá máa ń tò sórí ìlà kan, ìkún òkun a sì ga ju ti ìgbà yòókù lọ. Òṣùpá ti ń sún mọ́ àrànmọ́jú nígbà tí wọ́n rì ife wọn sí òkè díẹ̀ sí ìlà pàǹtí tuntun, láìka ìlà pàǹtí mìíràn sí, èyí tó ti gbẹ, tó ti funfun, tó sì wà lókè ibi tí wọ́n dúró sí. Òkun fúnra rẹ̀ ti fi àmì ibi tó lè dé sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ife ti lọ, iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà sì di ṣíṣa oníke kiri etí omi. Àwọn ife tí wọ́n rì sórí òkìtì kò bá omi lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní òrùlé lórí. Atẹ́gùn ti fi iyanrìn kún wọn, akàn sì ti hú àwọn mìíràn jáde.

Báyìí ni ìwé àkọsílẹ̀ ṣe wá ní gbólóhùn tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, pé orí iyanrìn kò ní aláǹtakùn tó ń gbé ibẹ̀. Aṣáájú kà á sí gbogbo wọn létí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ palẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó ta kò ó, nítorí ohun tí gbogbo wọn fojú rí nìyẹn. Àgbà náà kò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó la fi wá wọn níbẹ̀, ìgbà wo lójúmọ́ sì ni?" Wọ́n ṣí ìwé. Gbogbo wákàtí orí iyanrìn ló bọ́ sí ọ̀sán gangan; ti òru kò sí rárá, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì tó ìdá kékeré nínú èyí tí igbó gbà. Aṣáájú náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ó sún ọjọ́ ìpadàbọ̀ síwájú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n de tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí. Ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà ṣe pàtàkì ju bí ó ti mọ́lẹ̀ tó lọ. Nínú ojú àwọn aláǹtakùn ìdílé Lycosidae, àwọn tó ń lé ohun jíjẹ wọn kiri ilẹ̀ dípò kí wọ́n ta àwọ̀n dè é, ohun kan wà lẹ́yìn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá gan-an. Ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìbàdí kò ní rí i, nítorí ìbàdí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò padà sí. Ẹni tó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀ ni yóò rí ìmọ́lẹ̀ kékeré aláwọ̀ ewé lórí ilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrì àti fọ́nrán ìkarahun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lé. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi mọ́ ọn, wọ́n sì wá rí i pé orí òkìtì títí dé ẹ̀bá pàǹtí gbígbẹ kún fún aláǹtakùn tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti iyanrìn, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní lára ẹsẹ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀kan, olùkójọ kì í rí i mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, akọ àti abo.

Wọ́n ri igi sílẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ti rí wọn, wọ́n sì padà lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti mọ ibi tí wọ́n ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ihò ni. Ẹnu rẹ̀ kò ju ìwọ̀n pẹ́ńsù lọ, aláǹtakùn sì ti fi òwú tó pò mọ́ iyanrìn dí àwọn mìíràn lẹ́nu, tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè kọjá lórí rẹ̀ láìfura. Gbígbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ agbára, nítorí iyanrìn gbígbẹ máa ń ya lulẹ̀ bí ọkọ́ bá ti kàn án, ihò a sì parẹ́. Àgbà náà já igi koríko kan, ó tì í wọ inú ihò jẹ́jẹ́ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó iyanrìn kúrò láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, tó ń tẹ̀ lé koríko náà lọ. Òwú tí aláǹtakùn fi tẹ́ ògiri ihò rẹ̀ yọ jáde lódindi bí ìbọ̀sẹ̀ tí iyanrìn lẹ̀ mọ́ lára. Abo kan wà ní ìdí rẹ̀, àpò ẹyin rẹ̀ sì so mọ́ ìdí ikùn rẹ̀, níbi tí òwú ti máa ń jáde.

Àpò ẹyin yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà, ju ojú tó ń tàn lóru lọ. Bí wọ́n bá rí aláǹtakùn kan lórí iyanrìn, ó lè jẹ́ pé ìṣọdẹ ló gbé e jáde láti inú igbó. Èyí tó bá gbẹ́ ihò, tó tẹ́ òwú sínú rẹ̀, tó sì gbé ẹyin jókòó síbẹ̀, onílé ni. Abo ìdílé Lycosidae kì í fi àpò ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹyin bá pa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń gùn fún ìgbà díẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ya fọ́tò gbogbo èyí tí wọ́n mú kí wọ́n tó fi wọ́n sínú ethanol, nítorí pé àwọ̀ iyanrìn yẹn kì í pẹ́ ṣá, ohun tó bá sì kù nínú ìgò lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí ojú ọ̀sán kò fi rí i.

Wọ́n tún padà sí pàǹtí etí omi. Nígbà tí wọ́n gbọn ewéko òkun tó rọ̀ sínú asẹ́, kòkòrò òkun tíńtín tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún àti ìdin eṣinṣin ló kọ́kọ́ jábọ́. Lẹ́yìn wọn ni aláǹtakùn dúdú wẹ́wẹ́ ìdílé Linyphiidae bọ́ sórí aṣọ funfun. Oúnjẹ pọ̀ fún wọn lábẹ́ pàǹtí, ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀ kódà nígbà tí iyanrìn òkè bá ń jó. Lórí irú pàǹtí yìí ni àwọn olùkójọ ti ń rìn kọjá lọ́sàn-án.

Wàhálà kejì kò hàn títí wọ́n fi dé yàrá ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi bírò kọ pépà tó wà nínú àwọn ìgò rẹ̀, ethanol sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Ẹlòmíràn fi máákà kọ ẹ̀yìn ìgò, ọwọ́ sì ti nù ún. Pẹ́ńsù ni à ń lò, tàbí yíǹkì tí ọtí kì í fọ̀, lórí pépà tó nípọn, inú ìgò sì ni pépà náà ń wà. Wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ àti àkókò orí fọ́tò tún púpọ̀ nínú wọn tò. Èyí tó le jù ni àwọn ìgò tí ọ̀rọ̀ inú wọn hàn ketekete ṣùgbọ́n tí kò sọ ju "etíkun" lọ. Ṣé igbó ṣúúrú ni, àbí òkìtì, àbí pàǹtí? Ọ̀sán ni, àbí òru? Lílù ni wọ́n lu ẹ̀ka, àbí wọ́n fi ọwọ́ mú un? Ìlà ìbú àti ìlà òòró tí ẹ̀rọ GPS fún wọn kò lè yanjú rẹ̀, nítorí àwọn ìpele ilẹ̀ yẹn sún mọ́ra ju àṣìṣe tí ẹ̀rọ lè ṣe lọ ní àwọn ibì kan.

Àríyànjiyàn wáyé lórí àwọn ìgò wọ̀nyí. Èrò àwọn kan ni pé kí a kà wọ́n mọ́ ti orí iyanrìn, nítorí pé àwọn aláǹtakùn inú wọn jọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Aṣáájú kọ̀, mo sì rò pé ó tọ̀nà: bí a bá fi ìrísí aláǹtakùn pinnu ibi tó ti wá, a kò tún lè fi ibi tó ti wá ṣàlàyé ìrísí rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé irú wọ̀nyẹn wà ní agbègbè náà, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìfiwéra ìpele ilẹ̀, wọ́n sì fi pépà kejì tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan láìyọ ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí wọ́n tún padà lọ, iye wákàtí kan náà ni ìpele kọ̀ọ̀kan gbà, tọ̀sán-tòru, ìgò ìpele kan kò sì wọ àpò ti ìkejì. Wọ́n rì ife sókè ìlà pàǹtí àtijọ́, wọ́n fi òrùlé bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu propylene glycol, omi tí kì í jẹ́ kí ohun tó jìn sínú ife jẹrà, sínú wọn dípò ethylene glycol, èyí tó jẹ́ májèlé fún ẹranko tó bá lá a. Igbó ṣì ni irú aláǹtakùn pọ̀ sí jù lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ì bá ti retí. Ṣùgbọ́n ti orí iyanrìn, bó tilẹ̀ kéré, kì í ṣe àjẹkù ti igbó: aláǹtakùn inú ihò kò fi ìgbà kankan wọ ìgò igbó, àwọn oní-àwọ̀n igbó kò sì dé òkìtì. Igbó ṣúúrú àárín ni wọ́n ti rí àdàlù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ìgò tí kò ní àlàyé ti ṣeé ṣe kí wọ́n ti wá.

Ní ti àwọn ọmọ aláǹtakùn orí koríko, ìpinnu tí wọ́n ṣe yẹ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí mú lò. Aláǹtakùn kékeré máa ń na òwú sí atẹ́gùn kí ó lè gbé e lọ. Charles Darwin kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1832, nínú ọkọ̀ Beagle, pé ọ̀pọ̀ wọn bà sára okùn ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà sí wọn tó 60 máìlì. Bí atẹ́gùn bá lè gbé wọn dé ojú agbami, rírí ọmọ aláǹtakùn lórí koríko etíkun kò fi hàn pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ náà pín ẹ̀rí wọn sí oríṣi: abo tó ní ẹyin tàbí tó wà nínú ihò rẹ̀ ni wọ́n pè ní onílé, àgbàlagbà tí wọ́n rí léraléra ní ìpele kan ṣoṣo ni wọ́n pè ní ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́ onílé, ọmọ tó dá wà, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àpáta ìkángun etíkun kò sí nínú ìfiwéra náà. Ìran aláǹtakùn kan, Desis, wà ní àwọn etíkun olókùúta kan ní Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, tó ń fi òwú tẹ́ inú pàlàpálá àpáta kí afẹ́fẹ́ lè kù sínú rẹ̀ nígbà tí omi bá bò ó, ẹni tó bá sì fẹ́ wá irú wọn gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí omi bá fà jìnnà jù lọ. Àkókò ẹgbẹ́ yìí kò bọ́ sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé kìíní ìjábọ̀ wọn pé àwọn kò wá aláǹtakùn láàárín àpáta náà, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ rẹ̀ nínú àtẹ, láìkọ òdo síbẹ̀.